Kókó Tí Mo Fi Sínú Iyán

Òtítọ́ tí mo ti ń gbé mì láti ọdún tí gbogbo nǹkan gbówó lórí ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi wàyí, mi ò sì ní gbé e mì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, kẹ́ ẹ sì má tètè rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ iyán ni. Orúkọ mi ni Akíntóyè, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù ńlá tó kọjú sí títì ní Ìsinkàn, l'Àkúrẹ́, níbi tí àwọn ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ti ń gba iṣu, ẹ̀wà, gaàrí àti epo. Àwọn òbí máa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Wọ́n á ní, "Ẹ wo Ọ̀gá Akíntóyè, òtítọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, òun ló gbé e débi tó wà yìí." Bí wọ́n bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀, bàtà mi ni mo máa ń wò. Kì í ṣe òtítọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kókó ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kókó inú iyán, opó kan ni mo sì ṣe é sí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tó dùn. Nígbà tí mo jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti dé, náírà ti wó, iṣẹ́ ò sí níbì kankan, àwọn tó tiẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́ láìmọ ìgbà tí owó oṣù máa wọlé. Bàbá mi tó jẹ́ olùkọ́ gbé mọ́tò rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, ó padà sórí kẹ̀kẹ́. Nílé wa, ẹyin adìẹ kan ni à ń dín fún èèyàn mẹ́rin, bàbá mi á sì ní ká máa rò pé ẹja wà nídìí rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Ó wá di ọjọ́ kan, bàbá mi ní òun mọ ẹnì kan l'Àkúrẹ́, Alàgbà Adébùsóyè, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ nígbà èwe wọn. Ọkùnrin yìí ló ń pèsè oúnjẹ fún àwọn ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú wọn, ó sì máa ń gba ọmọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsinkàn. Ìyá mi figbe ta. Ó ní, "Akíntóyè mi, tó kàwé gíga, ló fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra iṣu?" Bàbá mi ní, "Jẹ́ kó lọ. Ó kéré tán, á máa rí iṣu jẹ."

Èmi náà rò pé ríra ọjà ò ju kéèyàn sanwó kó gbé ẹrù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ojú mi là. Ọ̀gá kọ́ wa láti ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wà dé ìsàlẹ̀, torí òkè àpò ni wọ́n máa ń kó èyí tó dára sí. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń gbóòórùn epo tí wọ́n ti da omi lù, bí a ṣe ń mọ ọ̀nà oko tí òjò máa gé lójijì, bí a ṣe ń mọ ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù dé àti èyí tó máa dákú sójú ọ̀nà. Ó ní ká máa bá àgbẹ̀ ṣeré, ká béèrè ọmọ àti ìyàwó, kí a tó dá ọ̀rọ̀ ọjà sílẹ̀ rárá, ká má sì gbé gbogbo ìrètí wa lé ẹnì kan ṣoṣo. Ó máa ń sọ pé, "Bí ilé ìdáná bá ṣófo ní Mọ́ńdè, àwọn ọmọ ò mọ àgbẹ̀ tó já ẹ kulẹ̀. Ìwọ ni wọ́n mọ̀." Àwa méjì la jọ ń kọ́ṣẹ́ náà: èmi àti Agnes, ọmọ Àkúrẹ́ kan báyìí tí ẹnu rẹ̀ mú, tí orí rẹ̀ sì pé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, inú sì ń bí mi pé ó mọṣẹ́ jù mí lọ. Méjèèjì ló ń gbé inú mi, wọn ò sì bá ara wọn jà.

Ọ̀gá wa ní àṣà kan. Kì í fojú ra iṣu. Iṣu lè tóbi, kó gùn, kó dán, Ọ̀gá á kàn ní, "Ẹ gún un ká jẹ ẹ́." Bí ilé ìwé kan bá fẹ́ iṣu púpọ̀, a ó se ti àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a ó gún un lọ́tọ̀, a ó gbé kálukú sínú àwo tirẹ̀, Ọ̀gá àti màmá tó ń bójú tó ilé ìdáná ilé ìwé náà á jókòó tọ́ ọ wò. Èmi ni agúnyán wọn. Ara ìyá mi ni mo ti jogún ọwọ́ yìí. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá kókó nínú iyán mi rí. Ọ̀gá á máa fi mí yangàn lójú àlejò pé, "Bí ẹ bá rí kókó nínú iyán Akíntóyè, iṣu ni kẹ́ ẹ dá lẹ́jọ́, ẹ má dá ọmọ mi lẹ́jọ́." Inú mi á dùn, màá máa fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sọ́kàn fún mi.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ilé ìwé àwọn obìnrin kan fẹ́ ẹni tí yóò máa gbé iṣu fún wọn yíká ọdún. Ọ̀gá pe èmi àti Agnes, ó ní kí kálukú wa lọ wá àgbẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí iṣu àgbẹ̀ rẹ̀ bá yege ló máa gba fírídọ́ọ̀mù ní Kérésìmesì yẹn, òun ni yóò sì máa darí iṣu títà-rírà fún ilé iṣẹ́ náà. Ẹnì kejì á ṣì sìn di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà ti dé Oǹdó kó tó kúrò lẹ́nu Ọ̀gá. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ l'Oǹdó pé èmi ń gba fírídọ́ọ̀mù ní Kérésìmesì. Ó ti mú orin tí wọ́n máa kọ. Ó ti so ewúrẹ́ kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bí mo bá sì lọ sílé, màá rí i tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, tó ń wojú mi.

Ọ̀dà ni mo gbà lọ, mo rí àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kìtán. Iṣu rẹ̀ dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Agnes ní tirẹ̀ gba Ìjàrẹ lọ, ó rí opó kan, Ìyá Ọlọ́runfúnmi. Ọkọ ìyá náà tó ti kú ló mú irúgbìn iṣu yẹn wá láti ibi tó ti lọ ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, gbogbo Ìjàrẹ sì ń pè é ní "iṣu Bàbá Fúnmi". Ọkùnrin náà ti wà nínú ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọjà. Agnes bu èyí tí wọ́n sun wá fún mi jẹ, torí pé kò ní ahun. Ó ní, "Tọ́ ọ wò, kóo sọ òótọ́." Mo jẹ ẹ́, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní, "Ó gbìyànjú." Ẹ̀yin ẹ wo ìwà. Iṣu tó yẹ kí n kí kú iṣẹ́ ni mo ní ó gbìyànjú.

Lọ́jọ́ tí a lọ kó iṣu wá láti Ọ̀dà, mo ráhùn fún Jesse, dírẹ́bà wa. Mo ní mi ò rò pé a máa borí opó yìí. Jesse ò tiẹ̀ wò mí. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní, "Shebi na you go dey pound am? Àbí Agnes lo máa gbé ọmọ odó fún?" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo yí ojú sí ojú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi kòkó. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Ìsinkàn, mo ti mọ ohun tí màá ṣe, mo sì ti ń dá ara mi láre. Mo ní, ṣebí opó náà ní oko mìíràn. Mo ní, ṣebí Agnes ṣì kéré. Oṣù méjì péré ni mo fi jù ú lọ o.

Ọjọ́ náà pé. Agnes wà níwájú ilé pẹ̀lú àwọn àlejò, èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú odó. Ti ìyá náà ni mo kọ́kọ́ dà sódó, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣu yẹn ò ṣẹ̀ mí rárá. Kò tíì pẹ́ tí mo gbé ọmọ odó tí ó ti ń fà, tó ń funfun, tó ń lẹ̀ mọ́ra rẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ara rẹ̀ tán. Mo dáwọ́ dúró. Mo mú ègé iṣu díẹ̀ tí mo ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọmọ odó ò kàn rárá, mo fi ọwọ́ fọ́ wọn wẹ́wẹ́, mo tì wọ́n sáàárín iyán náà, mo fi ọmọ odó rọra tẹ̀ ẹ́ lórí. Mo fi omi ra ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Bí ẹ bá rí i nínú àwo, ẹ ó ní iyán ìgbéyàwó ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá da ti Bàbá Kìtán sódó, mo gún un bí ẹni pé ẹ̀mí mi wà nínú rẹ̀, òógùn bò mí, apá mi ro mí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀gá bu òkèlè àkọ́kọ́ nínú ti ìyá náà, ó tì í sẹ́nu, ó dúró. Ó fi ìka yọ nǹkan kan jáde, ó gbé e sétí àwo. Màmá ilé ìdáná náà yọ tirẹ̀. Ọ̀gá wá wò mí, mo ní ó ti tán. Àṣé àánú ló fi ń wò mí. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Irú iṣu báyìí máa ń ba agúnyán lórúkọ jẹ́." Ó yí sí Agnes, ó ní, "Iṣu tó bá borí ọwọ́ Akíntóyè, ta ni yóò gún un fún ọmọ ilé ìwé?" Agnes mú kókó kan láti etí àwo, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó wò ó títí. Ojú tì mí débi pé mo lọ ń fọ odó tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú sí, àbí? Rárá. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìyá náà wá sí Ìsinkàn fúnra rẹ̀. Kò bá Ọ̀gá jà. Kò béèrè Agnes. Èmi ló béèrè. Ó jókòó lórí àpótí níwájú mi, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo gún un. Mi ò wá jà o. Kí lo rí nínú uṣu mi? Sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo máa ṣe." Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ó tiẹ̀ gbé àpótí síbẹ̀ fún mi. Mo wo ìyá náà lójú kòrókòró, mo ní, "Mà, irúgbìn yín ti rẹ̀ ni. Ó ti ń ní kókó nínú. Kò lè dára mọ́." Ó mi orí. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi, Ọlọ́run á bùkún ẹ." Ó súre fún mi. Mo sì ṣe àmín.

Agnes ló sọ ìyókù fún mi nígbà tó tún gba Ìjàrẹ kọjá. Ó ní ìyá náà lọ sílé, ó kó gbogbo iṣu Bàbá Fúnmi jáde, èyí tó yẹ fún jíjẹ àti èyí tó yẹ fún gbíngbìn, ó dà á fún ewúrẹ́, ó gbin ẹ̀gẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ náà. Ó ní òun ò ní gbé nǹkan tó bàjẹ́ lọ sójà lórúkọ ọkọ òun. Èmi ní tèmi gba fírídọ́ọ̀mù ní Kérésìmesì. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, mo jó títí bàtà mi fi já, wọ́n sì pa ewúrẹ́ ìyá mi. Ẹran náà le lẹ́nu mi. Àwọn yòókù ní ó rọ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Agnes gba tirẹ̀ lọ́dún kejì, a jọ ń ṣiṣẹ́, ìjà wa pọ̀, ìyẹn la fi mọ̀ pé ìfẹ́ ni, mo sì gbé e níyàwó. Ọ̀gá fi iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́ kó tó kú. Mi ò jẹ́wọ́ fún un, ìyẹn ṣì ń dùn mí. Nílé wa, èmi ni mò ń gúnyán. Agnes á jẹ ẹ́ tán, á lá ọwọ́, á ní, "Kò sí kókó nínú iyán rẹ rí, àfi lọ́jọ́ kan yẹn." Kì í sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ó kàn ń rántí ni. Èmi á wá dìde lọ mu omi, òùngbẹ ò sì gbẹ mí.

Ìkórè ọdún tó kọjá ni ọwọ́ tẹ̀ mí. A lọ sí ìjọ wa l'Oǹdó, wọ́n ń ta gbàǹjo nǹkan oko, Agnes sì já iṣu kan tí ẹnìkan fi tọrẹ gbà. Nígbà tí a délé ìyá mi, mo se é, mo gbé ọmọ odó. Kò tíì pẹ́ tí mo fi mọ̀. Ẹni tó bá ti gún iṣu fún ìgbà tó pọ̀ tó tèmi, ọwọ́ rẹ̀ ní ìrántí tirẹ̀. Ó ń fà, ó ń funfun, ó ń lẹ̀ mọ́ra rẹ̀. Ọmọ odó dúró sókè lọ́wọ́ mi. Agnes bu díẹ̀ láti etí odó, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Akíntóyè, iṣu Bàbá Fúnmi nìyí. Ṣebí wọ́n ní ó ti bàjẹ́?" Omijé bọ́ lójú mi sínú odó, ìyẹn ni mo fi jẹ́wọ́, ẹnu mi kàn tẹ̀lé e. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹ̀pà Jesse dé orí àpótí ìyá yẹn. Agnes gbọ́ mi tán. Ó gbé iyán náà sáwo, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, kò fún mi nínú rẹ̀. Ó fọ ọwọ́. Ó ní, "Ọdún kan tí mo fi sìn lé e, ìwọ lo máa sìn ín padà fún mi nínú ilé yìí. A ó sọ̀rọ̀ ìyẹn. Gbé mọ́tò jáde, ká lọ wá ẹni tó ni iṣu."

Ẹni tó fi iṣu náà tọrẹ ò jìnnà. Ọlọ́runfúnmi fúnra rẹ̀ ni, ọmọ opó náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì l'Oǹdó. Ó ní nígbà tí ìyá òun ń da iṣu fún ewúrẹ́, òun jí orí iṣu díẹ̀ gbé sínú àpò ìwé òun, òun gbìn ín sẹ́yìnkùlé níbi tí òun ti ń kàwé, òun ò sì jẹ́ kí ìyá òun mọ̀. Ó ní, "Ó ń gún dáadáa fún mi ní gbogbo ìgbà. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń da màmá mi láàmú." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì. Ó wò mí títí, ó wọlé, ó mú ìborùn rẹ̀, ó kó orí iṣu sínú àpò, ó ní ká máa lọ.

Ìyá náà ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn, ojú rẹ̀ sì mú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga rẹ̀ ní Ìjàrẹ, mo sọ ohun tí mo ṣe. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣé uṣu náà ò ní kókó?" Mo ní, "Kò ní, mà. Èmi ni mo tì í sínú rẹ̀." Ó wá sọ ohun tí mi ò mọ̀ rí, tí Agnes náà ò mọ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀, ojú oórì ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ yà sí. Mo bú u. Mo ní uṣu tó bàjẹ́ ló fi sílẹ̀ fún mi láti fi tọ́mọ. Láti ìgbà náà, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́." Mo sunkún bí ọmọdé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kàn mí léjìká. Ó ní, "Dìde. Èmi dárí jì ẹ́, mo ti súre fún ẹ tẹ́lẹ̀, mi ò ní gba ìre mi padà. Ṣùgbọ́n lọ sọ fún òun náà."

Ẹ̀gbẹ́ ilé ni oórì náà wà, lábẹ́ igi ọsàn. Èmi tí mo ti ń bá ọ̀gá ilé ìwé àti dókítà sọ̀rọ̀, mi ò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí fìlà. Mo ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ kú ìsinmi, sà. Iṣu yín dára. Ọwọ́ mi ni kò dára." Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ìyá náà ń rọra sọ̀rọ̀, mo rò pé èmi ló ń bá wí. Kì í ṣe èmi. Ó ní, "Ṣé o gbọ́? O jàre. Má bínú." Ó wá yí sí mi, ó ní ebi ń pa òun, ó béèrè bóyá mo ṣì lè gúnyán ní ọjọ́ orí mi. Mo gún un. Ó jẹ àjẹtán, ó ní kí n wá kọ ebè fún òun lọ́jọ́ Sátidé, mo sì kọ ọ́, ẹ̀yìn mi ṣì ń sọ ọ́ fún mi títí di òní.

Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin tí ẹ ti fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, bí wọ́n bá gbà yín gbọ́ débi pé wọ́n á dá gbogbo nǹkan mìíràn lẹ́jọ́ kí wọ́n tó dá yín lẹ́jọ́, ẹ bẹ̀rù ọjọ́ yẹn, torí ọjọ́ náà lẹ lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́ láìsí ẹni tó máa mọ̀. Ìkórè tó ń bọ̀, iṣu náà máa padà dé ọjà, a ó sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìsinkàn: Iṣu Bàbá Fúnmi. Bí ẹ bá rà á, ẹ gún un dáadáa. Bí ẹ bá bá kókó nínú rẹ̀, kì í ṣe iṣu náà o.